Ẹ̀sùn Tó Gba Ìta: Ìdáhùn Ìjọ sí Ìbanilórúkọjẹ́ Láàrin Àwọn Àlùfáà

Àkòrí tí ẹ fún mi kò nílò àlàyé púpọ̀ níwájú irú àwùjọ yìí. Bí àlùfáà méjì bá ń jiyàn lórí ìtẹ̀bọmi, àríyànjiyàn lásán ni. Bí ọ̀kan bá kọ̀wé pé ẹnìkejì kó owó ìjọ jẹ, tó fọwọ́ sí i, tó sì dárúkọ ẹlẹ́rìí, ẹ̀sùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá bọ́ síta tó ní olè ni, alágbèrè ni, tí kò sọ ìgbà, tí kò sọ ibi, tí kò mú ẹlẹ́rìí kankan wá, ó ti bà á lórúkọ jẹ́ nìyẹn. Ohun tí mo wá sọ ni pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ níta, ìta náà ni kí ìjọ ti dáhùn rẹ̀, nípa ìwádìí tó ń yẹ ẹ̀sùn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdákẹ́ kò tó o, èébú kò sì lè ṣe é.

Ẹ̀rí tí mo gbára lé jù ni ti Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti míṣọ̀n Odò Ọya. Gbogbo wa la mọ ìtàn ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí wọ́n sì fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù Júùnù 1864. Ibẹ̀ la máa ń pa ìtàn náà dé sí, bẹ́ẹ̀ apá tó kẹ́yìn ló ní ẹ̀kọ́ nínú jù. Ó yẹ kí ojú tì wá díẹ̀ pé àwọn ọmọ wa lè ka ọdún ìfijoyè rẹ̀ láìwòwé, tí wọn kò sì mọ ohun tó bá a lálẹ́ ọjọ́ rẹ̀. Ní 1880, J. B. Wood, àlùfáà òyìnbó kan láti Èkó, rin àwọn ibùdó míṣọ̀n náà ká, ó sì kọ ìròyìn tó kún fún ẹ̀sùn sí àwọn òṣìṣẹ́ dúdú. Ìròyìn náà ti wà níwájú àwọn aláṣẹ CMS, ẹgbẹ́ míṣọ̀n tó rán wọn níṣẹ́, ní Lọ́ńdọ̀nù kí bíṣọ́ọ̀bù tó ráyè fèsì. Ní oṣù Fẹ́búárì 1881, ó ní láti rin ìrìn àjò dé erékùṣù Madeira kó tó lè bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ náà sọ ọ́ lójúkojú. Nígbà tó fi máa di 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì tuntun ti dé: J. A. Robinson, Graham Wilmot Brooke àti F. N. Eden. Iná ìsìn ń jó nínú wọn lóòótọ́, n kò ní bù wọ́n kù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sílé kò fi èyí tó jẹ̀bi hàn yàtọ̀ sí èyí tí kò jẹ̀bi. Gbogbo iṣẹ́ nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n dà pọ̀ tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á wọ inú yàrá ìpàdé ní Onitsha, oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 1890. Ìgbìmọ̀ Ìnáwó míṣọ̀n náà ló ń jókòó. Bíṣọ́ọ̀bù ni alága; ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Eden ni akọ̀wé. Níbẹ̀ ni akọ̀wé ti dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́, Ashídíákónì Dandeson Crowther, ọmọ bíṣọ́ọ̀bù gan-an, sì wà nínú wọn. Bàbá béèrè bóyá akọ̀wé nìkan ló ní àṣẹ láti dá àlùfáà dúró. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé pé ọ̀rọ̀ náà ya òun lẹ́nu, ó sì kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ẹni tó fẹ̀sùn kanni ló tún jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́, ọwọ́ rẹ̀ náà ni ìyà sì wà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Fẹ́sítù, gómìnà tó jẹ́ kèfèrí, mọ̀ pé kò tọ́ láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi kí òun àti olùfisùn rẹ̀ tó fojú kojú. Ó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 25. Ìjọ tó ń ka ìwé náà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kò rántí.

Ẹnìkan lè ní, ṣé gbogbo ẹ̀sùn náà ni irọ́? Rárá o. Ní 1882, ilé-ẹjọ́ ní Freetown dá ẹni tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ míṣọ̀n náà lẹ́bi nítorí ikú ìránṣẹ́bìnrin kan ní Onitsha. Ọ̀rọ̀ burúkú ni, kò sì ṣeé fi aṣọ bò. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ yìí gan-an ló gbe ohun tí mo ń sọ lẹ́yìn: ó ní orúkọ, ó ní ẹlẹ́rìí, ó ní ìdájọ́. Ẹni tó jẹ̀bi jìyà, kò sì sí ìdí kankan láti fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kun kátíkíìsì tó wà ní ibùdó míì.

Ẹgbẹ́ onídákẹ́ ni mo wá bá jà gan-an, ìjà wa kì í sì í ṣe ti òní. Wọ́n á ní kí á fi ìjà fún Ọlọ́run jà, kí á fọwọ́ lérán. Wọ́n á ṣí Mátíù 18, wọ́n á ní ìkọ̀kọ̀ ni ọ̀rọ̀ arákùnrin ń gbé. Àmọ́ ẹṣẹ ìwé náà ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàrin ìwọ àti òun nìkan. Kò sọ pé bí wọ́n bá ti polongo ọ̀rọ̀ lójú ọjà, inú yàrá ni kí á ti tún un ṣe. Olúwa fúnra rẹ̀, nígbà tí wọ́n gbá a létí níwájú olórí àlùfáà, béèrè pé kí ẹni náà jẹ́rìí sí ohun búburú tí òun sọ. Wọ́n á tún fi ìwà pẹ̀lẹ́ Crowther ṣe àpẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n Crowther kò dákẹ́. Kò bú ẹnikẹ́ni, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó dákẹ́ ni àwọn tó yẹ kó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, kí wọ́n ṣèwádìí níta gbangba. Bíṣọ́ọ̀bù ní orúkọ tí ayé mọ̀. Tíṣà kékeré tí wọ́n lé kúrò ní etí odò kò ní nǹkan kan lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ ní abúlé. Ta ló tún un ṣe fún un?

Ohun tó tẹ̀lé ìpàdé Onitsha yára. Blyden, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú kan, sọ̀rọ̀ ní àdúgbò Breadfruit l'Ékòó ní ọjọ́ 2 oṣù Jánúárì 1891, ó sọ̀rọ̀ nípa ìjọ tí yóò jẹ́ ti ọmọ Áfíríkà. Ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún kan náà, United Native African Church dá dúró. Bíṣọ́ọ̀bù kú ní ọjọ́ 31 oṣù Dìsẹ́ńbà. Robinson ti kú ní Lọ́kọ́ja kó tó dìgbà náà. Brooke kú níbẹ̀ ní oṣù Máàṣì 1892. Archbishop Justin Welby tọrọ àforíjì lórí ohun tí wọ́n ṣe sí Crowther, ní Canterbury ní oṣù Júùnù 2014. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́fà lẹ́yìn ìpàdé Onitsha! Kò sí ẹnì kan tó ṣì wà láyé nínú àwọn tó tọ́ sí.

Alága ti ń wo aago, nítorí náà ṣókí ni èyí. Àwọn kan ní kò sí ẹni tó ń kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n Gilbert Tennent, àlùfáà Presbyterian ní Amẹ́ríkà, wàásù ní Nottingham ní Pennsylvania ní 1740 pé ọ̀pọ̀ àlùfáà ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tíì di àtúnbí. Ní 1741, sínọ́dù wọn pín sí méjì. Ní 1749, òun kan náà tẹ ìwé láti bẹ̀bẹ̀ fún àlàáfíà, níta bó ṣe kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níta. Nígbà tí wọ́n tún padà darapọ̀ ní 1758, òun ni wọ́n yàn ṣe alága.

Ẹ̀yin tó ń lo ẹṣẹ ìwé tó ní kí á má fọwọ́ kan ẹni àmì òróró láti fi pa ẹnu ọmọ ìjọ mọ́, Tímótíù kìíní orí karùn-ún gbà kí á fẹ̀sùn kan alàgbà, ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta ló béèrè. Sínọ́dù yín ń bọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé àbá kan ṣoṣo lọ síbẹ̀: àlùfáà tó bá sọ̀rọ̀ àlùfáà ẹgbẹ́ rẹ̀ láìdáa níta, kí ó fi ẹ̀sùn náà ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ láàrin oṣù kan, kí ó fọwọ́ sí i, kí ó dárúkọ ẹlẹ́rìí, kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbọ́ ọ, kí wọ́n sì ka àbájáde rẹ̀ ní gbogbo ìjọ tí ọ̀rọ̀ náà ti dé.