Igbó Tó Wà Lẹ́yìn Omi Ẹ̀rọ Yín

Ẹ kú ìnáwó dátà.

Ọmọ Àgọ́-Àmọ̀dù ni mí, ní Òkè-Ògùn. Láti ọ̀dọ̀ wa sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rì kò jìnnà, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rì sì wà lára ibi tí wọ́n ń gbà wọ Old Oyo National Park. Igbó ìjọba là ń pè é nílé. Ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú-lóròó, ọdún 1991 sì ni ìjọba àpapọ̀ gbà á sọ́wọ́.

Ẹ má retí igbó kìjikìji bíi ti Oǹdó o. Ọ̀dàn ni tiwa. Lásìkò òjò, koríko á ga ju èèyàn lọ. Igi òrí pọ̀ níbẹ̀, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní èmí. Irúgbá wà, tí wọ́n ń fi hóró rẹ̀ ṣe irú inú ọbẹ̀ yín. Àyìn wà, tí bàbá mi fi ń ṣe orín láràárọ̀. Ní ahoro Ọ̀yọ́-Ilé, lápá àríwá, igi oṣè ṣì dúró níbi tí agbo ilé wà kí ìlú náà tó tú láàárín ọdún 1830 sí 1840.

Ẹranko ńkọ́? Ìgalà, ẹtu, ìmàdò, ìjímèrè. Orí ilẹ̀ ni ìjímèrè ti ń sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá ju ti ọ̀bọ yòókù lọ. Ẹfọ̀n náà wà, ṣùgbọ́n ọ̀ọ́kán ni kí ẹ ti rí i!

Ẹ̀yin ará Èkó á ní, kí ló kàn wá? Odò Ògùn ló kàn yín. Apá Ṣakí ló ti ṣẹ̀, ó gba igbó yẹn kọjá, ó gba Abẹ́òkúta, títí dé ọ̀sà. Omi rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ omi Ìjú àti Àdìyàn ń fà. Bí omi ẹ̀rọ bá yọ ládùúgbò yín (mo ní bó bá yọ o), ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ló ti gbéra. Gbòǹgbò igi ló di etí odò mú. Bí wọ́n bá gé e, òjò á gbá iyanrìn sínú omi.

Èédú lohun tó ń dùn mí. Igi líle ló ń ṣe èédú tí kì í tètè jó tán, àyìn àti igi òrí sì le. Igi òrí lè lo ọdún 15 sí 20 kó tó so èso àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ ìgégi á gé e lulẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ètò yìí tán. Mi ò bú àwọn tó ń sun ún. Mo mọ púpọ̀ nínú wọn, owó ilé ìwé ọmọ ni wọ́n ń wá. Ẹ̀yin ará ìlú ńlá lẹ̀ ń rà á, fún ẹja sísun àti nígbà tí gáàsì bá wọ́n. Ṣùgbọ́n bí igi oko bá tán, igbó ìjọba ló kù. Ìyá mi tó máa ń ṣa èso òrí létí ìlú ti ń rìn jìnnà ju tẹ́lẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ wá wò ó, ọ́fíìsì wọn àgbà wà nílùú Ọ̀yọ́. Ẹ wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin, nígbà tí koríko ti lọọlẹ̀ tí ẹranko sì ń wá omi lọ sétí odò. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ igbó síwájú yín. Kí ẹ sì ti da ètò tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sórí fóònù kí ẹ tó kúrò ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rì, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú lọ́hùn-ún kì í ṣe ohun téèyàn ń gbẹ́kẹ̀ lé.