Ọkọ̀ Onílẹ̀kùn Méjì: Ti Àtijọ́ àti Àlòkù Titun



Ẹni tí ó bá mọ ọkọ̀ Volkswagen tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ìjàpá yóò rántí pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà, àti pé afẹ́fẹ́ ni ó ń mú un tutù, kì í ṣe omi. Ferdinand Porsche ni ó darí iṣẹ́ àgbékalẹ̀ ọkọ̀ náà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Ferdinand Alexander Porsche, ni ó ya àwòrán ọkọ̀ eré kan tí a kọ́kọ́ fi han ayé ní Frankfurt, ní ilẹ̀ Jámánì, ní 1963. Ilẹ̀kùn méjì ni ó ní, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì tirẹ̀ náà sì wà. 901 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Peugeot kọ̀, wọ́n ní àwọn ni ó ni irú nọ́ḿbà tí òdo wà láàárín rẹ̀. Báyìí ni ó ṣe di 911, orúkọ àfipáyí náà sì wá di olókìkí.

Lónìí, ará Jámánì tí ó ti ń tọ́jú owó láti ọdún pípẹ́ nítorí irú ọkọ̀ yìí a máa bá ara rẹ̀ ní oríta. Ṣé kí ó ra Carrera àtijọ́, tí a ṣe láàárín 1983 sí 1989, ni, tàbí èyí tí a ń pè ní 996, tí ó jáde ní 1997? Ohun ìyanu ni pé àgbà ni ó sábà máa ń wọ́n jù. Agbára ẹṣin 231 ni Carrera ní. 300 ni 996 fi bẹ̀rẹ̀. Omi ni ó ń mú ẹ́ńjìnì 996 tutù, inú rẹ̀ fẹ̀, ìtọ́kọ̀ rẹ̀ sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ń wa Carrera yóò làágùn díẹ̀ kí ó tó rí i gbé síbi tóóró. Ṣùgbọ́n láti 1998 ni a kò ti ṣe 911 alátẹ́gùn mọ́, ohun tí kò sì sí titun rẹ̀ mọ́ kì í pọ̀ lọ́jà.

Ìpẹtà ni ọ̀tá Carrera. Wọ́n fi síńkì bo irin rẹ̀ lóòótọ́, síbẹ̀ ibi tí ìjàǹbá ti bà jẹ́ rí, tí a sì tún ṣe, ni kí a fura sí. Ìpẹtà kì í yára, ẹni tí ó bá sì dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì yóò rí i.

Àléébù 996 kò hàn sójú. Ọ̀pá irin kan wà nínú ẹ́ńjìnì rẹ̀ tí ó ń yí àwọn ṣéènì. Bẹ́ẹ̀rìn kan ni ó gbé ìdí ọ̀pá náà dúró. Nínú àwọn mìíràn, bẹ́ẹ̀rìn yìí a máa fọ́ lójijì, ẹ́ńjìnì a sì bàjẹ́ pátápátá. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó ti rin ọ̀nà jíjìn láìní ìyọnu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kan lè fi gbogbo èrè ọjà pọ́ọ́kú náà ra ẹ́ńjìnì mìíràn.

Nítorí náà, ẹni tí yóò máa gbé ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, 996 ni ó yẹ é, bí ó bá yọ owó àtúnṣe sọ́tọ̀ kí ó tó sanwó ọkọ̀. Kí ó mú mẹkáníìkì dání, kí wọ́n la àsẹ́ ọ́ìlì, kí wọ́n wò bóyá èérún irin ń dán nínú rẹ̀. Kí ó sì béèrè ìwé tí ó fi ọjọ́ tí a pààrọ̀ bẹ́ẹ̀rìn hàn. Bí kò bá sí, kí ó pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì, nítorí wọn yóò ti sọ gíà kalẹ̀ lọ́jọ́ náà.