ỌMỌ TÍ Ó NÍ IKỌ́ IFE ÀTI OÒGÙN LÍLÒ DÉ ÒPIN
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ọdọọdún)

 

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà, omi àti ilé-ẹ̀kọ́ ni a sábà máa ń sọ nínú ìpàdé wa. Èyí tí mo gbé wá lónìí kò béèrè símẹ́ńtì tàbí páànù, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí ọmọ wà nínú rẹ̀. Ó jẹ mọ́ ọmọ tí ó ní ikọ́ ife, èyí tí wọ́n ń pè ní TB ní ilé ìwòsàn, àti bí yóò ti ṣe lo oògùn rẹ̀ dé òpin.

Àrùn yìí kì í ṣe ọwọ́ ayé, kì í sì í ṣe àjogúnbá. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1882 ni Robert Koch, dókítà ará Jámánì, kéde ní ìlú Berlin pé òun ti rí kòkòrò tí ń fà á. Inú afẹ́fẹ́ ni kòkòrò náà ń gbà láti ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ń wúkọ́ dé ara ẹlòmíràn. Ọ̀dọ̀ àgbàlagbà inú ilé ni ọmọdé sábà máa ń kó o. Abẹ́rẹ́ BCG tí a ń gún fún ọmọ tuntun ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ èyí tí ó burú jù nínú àrùn náà, ṣùgbọ́n kò dí ọ̀nà pátápátá. Nítorí náà, bí a bá rí àrùn náà lára àgbà kan, ẹ jẹ́ kí a kó gbogbo ọmọ inú ilé lọ fún àyẹ̀wò. Ọmọ tí ó bá ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí ó ń rù, tí ibà kò fi í sílẹ̀, tí kò sì lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré mọ́, kì í ṣe ẹni tí a ń fi àgbo nìkan tọ́jú.

Oògùn wà. Ọ̀fẹ́ ni ìjọba sì ń fún ni. Oṣù mẹ́fà ni a sábà ń lò ó: ní oṣù méjì àkọ́kọ́, oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀, ní oṣù mẹ́rin tí ó kù, oríṣi méjì. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé oṣù mẹ́rin tó fún ọmọ tí àrùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n dókítà ni yóò sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìyá, kì í ṣe aládùúgbò.

Ibi tí ewu wà nìyí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí jẹun, ara rẹ̀ yóò yá, àwọn òbí yóò sì rò pé ó ti tán. Kò tíì tán. Ọ̀pọ̀ kòkòrò ti kú, ṣùgbọ́n àwọn tí ó le jù ṣì lúgọ sínú ara. Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Àgbẹ̀ kòkó mọ̀ pé koríko tí a bẹ́ lórí tí a kò hú gbòǹgbò rẹ̀ yóò tún rú. Kòkòrò tí ó bá là á já lè di èyí tí oògùn kò ràn mọ́. Ìtọ́jú rẹ̀ yóò le sí i, ẹlòmíràn sì lè kó èyí tí ó ti le náà.

Kí ni ń mú kí ọmọ pa oògùn jẹ? Èkíní ni kíkorò. Nígbà kan rí, oògùn àgbà ni a ń dá sí wẹ́wẹ́ fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n láti ìparí ọdún 2015 ni oògùn tí a ṣe fún àwọn ọmọdé ti jáde: a ń yọ́ ọ sínú omi, adùn èso sì wà nínú rẹ̀. Bí ọmọ bá ṣe wúwo tó ni a fi ń mọ iye tí yóò lò, nítorí náà kí a máa wọn ọmọ ní gbogbo ìgbà tí a bá lọ. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù, oògùn ni. Ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ti ẹni tí ó ní ibà pọ́njú, tàbí tí ó ń bì ṣáá, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Èkejì ni ìrìn àjò. Ọmọ lọ bá ìyá àgbà ní abà nígbà ìsinmi, oògùn rẹ̀ sì wà nílé. Kí a sọ fún nọ́ọ̀sì kí ọmọ tó lọ, kí ó lè ka iye ọjọ́ fún un. Oògùn lè jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ìtìjú. Àwọn kan ń fi oògùn pamọ́, wọ́n sì ń ya àwo ọmọ sọ́tọ̀. Àwo kò ran ikọ́ ife, ọmọ kékeré kì í sì í sábà kó o ran ẹlòmíràn.

Ní ìlú Madras ní ilẹ̀ Íńdíà, láàrin ọdún 1956 sí 1959, àwọn oníṣègùn fi àwọn tí a tọ́jú nínú ilé ìwòsàn wé àwọn tí a tọ́jú nílé, nínú yàrá híhá àti àìní. Ìwòsàn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èyí fi hàn pé ilé tiwa náà lè di ilé ìwòsàn, bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀ tí ń rí i pé a lo oògùn lóòótọ́.

Nítorí náà, mo bẹ ẹgbẹ́ yìí ní ohun mẹ́ta. Èkíní, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tí ó ṣeé finú hàn, tí nọ́ọ̀sì yóò kọ́, tí yóò máa wo ọmọ bí ó ti ń lo oògùn lójoojúmọ́, tí yóò sì máa sàmì sí káàdì rẹ̀, bí àwọn òbí bá fọwọ́ sí i. Èkejì, kí a ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú àpò ẹgbẹ́ fún owó ọkọ̀ àwọn tí kò ní. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe dárúkọ ọmọ kankan ní gbangba, ìbáà ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ní ọjà.

Ojú méjì ní ń bí ọmọ, igba ojú ní ń wò ó. Ẹ jẹ́ kí igba ojú Ìsìkàn wo àwọn ọmọ wọ̀nyí títí di ọjọ́ tí oògùn wọn yóò parí. Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ wa sí.