Agbára, Ìfẹ́ Ipò àti Adé nínú Eré Ọba Kò So

 

Ìbéèrè kan ni a gbé wá: kí ni ó máa ń ba ọba alágbára jẹ́? Eré tí a ó fi wá ìdáhùn ni Ọba Kò So, tí olóògbé Dúró Ládípọ̀ kọ, tí òun fúnra rẹ̀ sì ṣe Ṣàngó nínú rẹ̀. Òṣogbo ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1963, ní Mbárí Mbáyọ̀. Ní 1964, ó dé Berlin ní ilẹ̀ Jámánì. Ní 1965, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí ìtàn náà. Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná àti Gbọ̀nkáà Ẹ̀bìrì ni akọni méjì tí Ṣàngó gbójú lé lójú ogun. Nígbà tí ogun wọn sú ará ìlú, ọba kò pè wọ́n jókòó kí ó bá wọn wí. Ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ, bí ẹni tí ó gbé e ga, kí ó lè mú un kúrò nítòsí. Tìmì di ọba níbẹ̀. Oyè Tìmì Ẹdẹ wà títí di òní. Agbára rẹ̀ tún ba Ṣàngó lẹ́rù, ó ní kí Gbọ̀nkáà lọ mú un wá. Gbọ̀nkáà fi ọfọ̀ kùn ún lóorun, ó mú un wá sí Ọ̀yọ́. Ọ̀ràn ìbá parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọba ní kí wọ́n tún jà níṣojú òun. Gbọ̀nkáà pa Tìmì tán, ó kọjú sí ọba, ó ní kí ó fi ìlú sílẹ̀.

Nínú Macbeth tí Shakespeare kọ, jagunjagun ni ó ń lé adé tí kò tọ́ sí i, tí ó sì pa ọba rẹ̀ lójú oorun. Ti Ṣàngó yàtọ̀: adé ti wà lórí rẹ̀. Ohun tí ó kù tí ó ń wá ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ìfẹ́ ipò tí ó ń da ẹni tí ó ti dé ipò láàmú ni àrùn tí eré náà fi hàn wá.

Àwọn kan a máa bi wá bóyá ó yẹ kí ọmọ awo wo eré tí ó fi ìṣubú òrìṣà hàn. Èsì wa ni pé ó yẹ. Nígbà tí ìbínú mú kí ọba pa àwọn ènìyàn rẹ̀, tí Ọya pàápàá padà lẹ́yìn rẹ̀, ó di ẹni tí ń dá rìn. Àwọn olóòótọ́ tí ó kù ni wọ́n ké pé ọba kò so, ohùn wọn ni a sì ń gbé títí di òní. Ọ̀wọ̀ òrìṣà kò dín nínú èyí. Ó kọ́ wa pé ènìyàn ni aṣọ ọba.

Ìdí nìyí tí àwọn baba wa kò fi jẹ́ kí ọba dá nìkan ṣe. Ọ̀yọ́ Mèsì wà, Ògbóni wà, babaláwo wà láàfin láti sọ ohun tí Ifá wí, ìbáà dùn, ìbáà korò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹgbẹ́ wa gbọ̀ngbọ̀n. Oyè pọ̀ láàárín wa. Àgbà awo tí ó rí i pé ọmọ awo òun ti ń gbọ́ Ifá jinlẹ̀, tí ó sì wá ọ̀nà tí a kò fi ní gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, Ẹdẹ ni ó rán an lọ. Ẹni tí ó gbé awo méjì dìde sí ara wọn kí ìjókòó tirẹ̀ lè rọgbọ, kí ó rántí Gbọ̀nkáà. Kí ọdún yìí tó kásẹ̀, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa wá ẹni tí ó ti sún sẹ́yìn, kí a pè é padà sí ìdí ọpọ́n.

Kí Ọ̀rúnmìlà fún wa ní ìwà tí a ó fi lo agbára. Kí ọdún yabo fún wa. Àṣẹ.