Aràn Inú Ẹja



Bí ẹ bá la ẹpìyà, tí ẹ bá aràn kékeré pupa rúsúrúsú tó ká jọ sínú ẹran rẹ̀, ẹ má wí pé ọ̀tá ló fi ránṣẹ́. Ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó ń dẹ ẹja létí odò ló mú un wá. Ọ̀fun ẹyẹ yìí ni aràn náà ń gbé. Bí ẹyẹ bá ti ẹnu bọ odò, ẹyin aràn á bọ́ sómi. Ọmọ rẹ̀ á wọ inú ìṣáwùrú, á pọ̀ sí i níbẹ̀, á jáde, á sì gún ara ẹja wọlé. Ibẹ̀ ni yóò jókòó sí títí ẹyẹ mìíràn yóò fi gbé ẹja náà mì.

Ṣé ó lè ṣe ènìyàn? Bẹ́ẹ̀ ni. Ní Jàpáàn àti Kòríà, wọ́n ti yọ ọ́ lọ́fun àwọn tó jẹ ẹja odò láìsè. Àwa kì í jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí ẹja yíyan tí ìta rẹ̀ dúdú, tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára egungun rẹ̀! Èéfín díẹ̀ kò pa aràn. Ẹ jẹ́ kí ó jinná dé egungun.

Ẹja òkun, irú kòtẹ̀, ní aràn tirẹ̀, funfun, a máa ká bí òrùka. Yìnyín líle fún ọjọ́ 7 a máa pa á. Ṣùgbọ́n ta ló mọ iye ìgbà tí iná mànàmáná lọ kí ẹja tó dé ọjà wa? Iná ààrò ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìfun ẹja ńkọ́? Ẹ má dà á sódò, ẹ má jù ú fún ajá ní tútù. Ẹ rì í mọ́lẹ̀.