Ọjọ́ Wo Ni Wọn Kò Wá?

Lónìí, mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lórí bí a ti ń to iye nǹkan sórí ìwé kí ojú lè rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ní kíláàsì kan tí mo ń bójú tó, ènìyàn 24 ló forúkọ sílẹ̀. Alẹ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì ni a ń pàdé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, àwọn ọ̀gá ránṣẹ́ pé bí wọn kò bá wá déédéé, àwọn yóò ti kíláàsì náà pa. Inú bí mi. Mo pè wọ́n ní ọ̀lẹ. (Ẹnu tíṣà àtijọ́ ni, ẹ má bá mi wí.)

Mo ṣí rẹ́jísítà. Ẹnikẹ́ni tí kò bá wá ní alẹ́ kan, mo fa ilà kan fún un. Bí ilà bá pé mẹ́rin, mo fa ìkarùn-ún dábùú wọn, ó di ìdì kan. Márùn-ún márùn-ún náà ni àwọn baba wa ń ṣa owó ẹyọ bí wọ́n bá ń kà á, nítorí náà kò ṣàjèjì sí wa. Ohun tí mo rí nìyí:

Ajé: 42
Ọjọ́rú: 45
Ẹtì: 41

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 128. Kò sí èyí tí ó yọrí. Mo ní, "Ẹ ò rí i? Kò sí ọjọ́ tí ẹ kì í sá!"

Ìyá elépo kan dá mi lóhùn: "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́ o. Ajé àti Ẹtì ni ẹ fi ń kà wá, ọjà wa kò sì mọ Ajé, kò mọ Ẹtì. Ẹni tó ru epo ti ọjà bọ̀ lálẹ́, ẹsẹ̀ wo ni yóò fi rìn dé ibí? Ẹ fi ọjọ́ ọjà kà á wò."

Òótọ́ ni. Ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà wọn: bó bá bọ́ sí Ajé, Ẹtì ni yóò tún kò. Mo fa ilà mìíràn, mo pín in sí ọ̀nà mẹ́rin:

Ọjọ́ ọjà: 87
Ọjọ́ kejì ọjà: 13
Ọjọ́ kẹta: 12
Ọjọ́ kẹrin, tí ọjà ku ọ̀la: 16

128 náà ni, kò lé, kò dín. Alẹ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ló bọ́ sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní tọ́ kí a fi wọ́n wé ara wọn. Mo wá fi ṣọ́ọ̀kì fa ọ̀pá mẹ́rin sójú pátákó gẹ́gẹ́ bí iye wọn. Ọ̀kan ga bí ọ̀pẹ, mẹ́ta yòókù dàbí koríko. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo tọrọ àforíjì.

Ìwé yẹn ni mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá, wọn kò sì ti kíláàsì náà mọ́. Láti ìgbà náà, alẹ́ tí ó bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, a kì í pàdé. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni a ń ṣe é. Ìyá elépo ló ń bá wa ṣọ́ kàlẹ́ńdà.