Kọ̀ǹpútà Kọ́ Ló Kọ̀ Ọ́

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa, Ẹdẹ

Ẹ má bínú pé kọ̀ǹpútà ni a fẹ́ sọ dípò owó oṣù. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i pé ọ̀rọ̀ owó náà ni.

Ẹ rántí ọ̀kan nínú wa, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ lọ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìlà kékeré kan ló so orúkọ ìdílé rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Bó ti ń tẹ̀ ẹ́ ni ojú ìwé ń pọ́n, pé orúkọ náà kò dára. Akọ̀wé ní, "Kọ̀ǹpútà ló kọ̀ ọ́, kì í ṣe èmi." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń lọ tó fi ń bọ̀. Àwa tí à ń ṣojú yín kò mọ èsì tí a ó fọ̀, ojú sì tì wá. Ìdí nìyí tí àwa mẹ́fà fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ JavaScript lálẹ́.

Èdè tí ń mú kí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì dá èèyàn lóhùn ni. Brendan Eich ló ṣe é ní ilé-iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà ní 1995. Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹ má pè é ní Java o, orúkọ lásán ló pa wọ́n pọ̀. HTML ń gbé ọ̀rọ̀ àti àpótí kalẹ̀, CSS ń kùn ún lọ́dà, JavaScript sì dúró bí ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà NIN, òun ló lè kà á bóyá ó pé 11. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ní kí ọlọ́dẹ yìí ṣe ló ń ṣe. Ẹnì kan ló jókòó kọ ọ́ pé lẹ́tà A dé Z nìkan ni kó gbà. A tẹ Ctrl àti U pọ̀, inú ìwé náà ṣí, a sì fi ojú wa rí ìlà náà. Ìlà kan ṣoṣo!

Ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó pa wá lẹ́rìn-ín. A ṣe ojú ìwé tí yóò máa ṣírò ofatáìmù. A tẹ 40 sínú àpótí kan, 5 sínú èkejì, a ní kó rò wọ́n pọ̀. Ó ní 405! Ẹnì kan ní kí a gbé e tọ ọ̀gá lọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó fà á ni pé ọ̀rọ̀ ni JavaScript ka ohun tí a tẹ̀ sínú àpótí sí, kì í ṣe iye; àmì + sì so wọ́n pọ̀ bí igi ìdáná. Àfi kí a kọ Number ṣáájú wọn kó tó di 45. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ní kó yọ 5 kúrò nínú 40, kò bèèrè Number lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, 35 ló sọ lójú ẹsẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n yọ, kò mọ̀ ọ́n fi kún. A kò mọ ibi tó ti kọ́ ọ.

A ti kọ lẹ́tà lórúkọ ẹ̀ka, a sì da ìlà orúkọ náà kọ sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ti wà, pé kí ẹni tó kọ ọ́ tún un kọ. A ń retí èsì.

Ẹ má sọ pé ti àwọn ọmọ Poli ni. Notepad tó wà nínú kọ̀ǹpútà tó wa lò. Ọjọ́bọ̀ ni à ń pàdé, lẹ́yìn tí a bá jáde iṣẹ́. Ẹni tí ojú ń dùn kó mú awò rẹ̀ dání, nítorí àmì kékeré kan tó bá sọnù, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́.